Gba Góòlù Náà Lọ́wọ́ Àna Rẹ

Ṣìkẹ́mi ló fi orúkọ ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ fún iṣẹ́ fíìmù, kò sì kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó ti sú u. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ ló máa ń ṣe, bó bá sì fi máa padà sílé wọn ní Ellenwood, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, ńṣe ló máa ń bá ilé tó mọ́ tónítóní tí kò sí ohùn èèyàn nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Ọlákúnlé, á wà nínú gáréèjì, á ní òun ń to nǹkan. Màmá, ìyá Ṣìkẹ́mi, á wà ní pálọ̀, á máa wo tẹlifíṣọ̀n tó ti pa ohùn rẹ̀. Tiwa, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé ilé àwọn ti dà bíi library.

Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Ì bá tiẹ̀ sàn ká ní wọ́n ń jà. Ọ̀wọ̀ ló há wọn mọ́ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ti kọ́ Ọlákúnlé láti kékeré ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé àna ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni. Bí Màmá bá wọ pálọ̀, á dìde. Bí Màmá bá wọ ilé ìdáná, á jáde. Láràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, Màmá á ní, "Dìde, Bàbá Tiwa, a dúpẹ́," ọ̀rọ̀ wọn sì parí nìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ti ń ṣiṣẹ́ wá dín òṣìṣẹ́ kù, tí wọ́n ní kí òun náà máa lọ, ó di pé àwọn méjèèjì jọ wà nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n kàn ń yẹra fún ara wọn bí ẹni tó gbé ẹyin dání ni.

Màmá ti dé láti Ìkìrun lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ṣìkẹ́mi ti bá a ṣe green card ṣáájú ìgbà náà, àwọn ọmọ sì pinnu pé kó má dá gbé. Gbogbo nǹkan ló tẹ́ ẹ lọ́rùn ní Amẹ́ríkà, àyàfi ọkọ ọmọ rẹ̀ tí kì í jókòó.

Samirah, ọ̀rẹ́ Ṣìkẹ́mi níbi iṣẹ́, ló mú ọ̀rọ̀ fíìmù wá. Ó ní wọ́n ń wá àwọn aláwọ̀ dúdú, tọmọdé tàgbà, tí wọ́n á dúró lẹ́yìn àwọn òṣèré nínú fíìmù ńlá kan. Ìtàn ayé àtijọ́ ni, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lé Australia lórí, tí wọ́n ṣàdédé rí góòlù nínú odò, tí aráyé sì ya lọ síbẹ̀: àwọn ará China, àwọn ará Ireland, àwọn atukọ̀ òkun aláwọ̀ dúdú tó sá kúrò nínú ọkọ̀ ní èbúté. Àwọn àjèjì tí ìjọba kò fẹ́ rí létí odò náà rárá ni ìtàn náà dá lé lórí. Ní Georgia ni wọ́n ti ń yà á, torí ó jọ pé kò sí ohun tí wọn kì í yà ní Georgia mọ́ báyìí.

Nígbà tí Ṣìkẹ́mi fẹnu bà á nídìí oúnjẹ, Ọlákúnlé gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Èmi àti Màmá?"

"Ẹ̀yin méjèèjì. Sátidé ni. Lẹ́yìn ìlú Austell níbẹ̀ yẹn."

Màmá jẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. "Ṣé wọ́n máa pa mí nínú fíìmù náà?"

"Wọn ò ní pa yín, mà. Ẹ kàn máa dúró ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo mọ ìdúró."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọlákúnlé wa mọ́tò gba ọ̀nà márosẹ̀ 285. Ó bi Màmá bóyá AC ti pọ̀ jù. Màmá ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò tún sí ẹni tó sọ nǹkan kan mọ́ títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n páàkì sínú koríko.

Inú igbó ni wọ́n gbé ìlú góòlù náà kalẹ̀ sí, létí odò kékeré kan tí omi rẹ̀ ń sáré lórí òkúta. Wọ́n ti ta àgọ́ aṣọ funfun tí wọ́n fi ẹrẹ̀ pa lára kí ó lè jọ èyí tó ti gbó. Ẹṣin wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù wà níbẹ̀, ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó wọ aṣọ ọlọ́pàá ayé àtijọ́ sì ń jẹ dónọ́ọ̀tì lábẹ́ igi. Wọ́n wọ Màmá ní gáńùn gígùn aláwọ̀ eérú, wọ́n sì dé e ní fìlà ọkùnrin. Wọ́n fún Ọlákúnlé ní ṣẹ́ẹ̀tì atukọ̀ tó ya léjìká, wọ́n wá fi àtè lẹ irùngbọ̀n tó bò ó láyà mọ́ ọn lágbọ̀n. Nígbà tí wọ́n pàdé níta, Màmá wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì yára yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlákúnlé rò pé inú ń bí i ni. Ẹ̀rín ló ń pa á.

Seth, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń to àwọn èrò síbi tó yẹ, kó àwọn méjèèjì sétí omi, ó fún Màmá ní àwo irin fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń bu yanrìn sínú rẹ̀, tí wọ́n á máa yí i, tí omi á máa gbé yanrìn lọ, tí góòlù á sì kù sísàlẹ̀. Màmá gbà á, ó ń yí i bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ibẹ̀ ni olùdarí fíìmù náà, Amatullah, ti kọjá lára wọn. Ọmọ bíbí Atlanta ni, obìnrin gíga kan tó fi ìborí dúdú we orí, tí kì í pariwo. Ó dúró. Ó wo ojú Màmá pẹ́. Ó wá bi Ọlákúnlé bóyá ẹbí ni wọ́n.

"Ìyá ìyàwó mi ni," Ọlákúnlé dá a lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Ó dáa gan-an," ni Amatullah wí. "Mo fẹ́ kí ẹ jà."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Obìnrin àgbà yìí ti rí góòlù. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń wa ilẹ̀ rí i, ojú kòkòrò sì mú un. Kí Ọlákúnlé já àwo náà gbà, kó fi agbára já a gbà. Kí wọ́n máa fi èdè wọn sọ ohunkóhun tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Kámẹ́rà á kàn kọjá lára wọn ni, kò ní pẹ́.

Wọ́n tan kámẹ́rà. Ọlákúnlé rìn wọ inú omi, ó dé iwájú Màmá, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba àwo náà. Màmá gbé e fún un bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò.

Amatullah ní òun ò tíì rí olè tó mọ ìwà hù tó báyìí rí. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe.

Nígbà kejì, ó fa àwo náà díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi mú un wá." Nígbà kẹta, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan mú níbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ Màmá yọ̀ lórí òkúta, Ọlákúnlé sì fi àwo sílẹ̀, ó di ìgunpá rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó pẹ̀lẹ́. Nígbà kẹrin, rélùwéè akẹ́rù tó ń wọ ọgbà tí wọ́n ti ń já ẹrù ní Austell fọn fèrè rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, gbogbo èèyàn sì ní láti dúró títí gbogbo ọkọ̀ ojú irin náà fi kọjá tán. Àwọn tó wà létí odò ti ń rẹ́rìn-ín. Shehu, ọkùnrin Haúsá kan tó ń gbé ẹrù ní wẹ́ẹ̀háòsì kan ní Union City, tí apá rẹ̀ tóbi bí itan ẹlòmíràn, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko.

Seth sọ nǹkan kan sí Amatullah létí.

"Kí ni ọmọ yẹn ń sọ?" ni Màmá béèrè.

"Ó ní kí wọ́n fi Shehu rọ́pò mi, mà."

Màmá wo apá Shehu. "Kí ẹni tí ò mọ̀ mí wá máa fa nǹkan gbà lọ́wọ́ mi? Rárá o. Bàbá Tiwa, gba nǹkan yìí lọ́wọ́ mi ká máa lọ sílé."

"Mi ò lè ṣe é, mà."

"Kí ló dé tí o ò lè ṣe é?"

"Àna mi ni yín."

Ojú Màmá yí padà. Kò sí èyí tó mọ̀ nínú wọn pé Amatullah ti gbé ìka sókè, pé kámẹ́rà ti tún ń ṣiṣẹ́.

"Àna," ni Màmá wí jẹ́jẹ́. "Ṣé èmi ní àna? Nígbà tí a ń sin ọkọ mi, àwọn ọkọ ọmọ mi méjì ló gbé pósí. Gbogbo Ìkìrun ń bi mí pé ẹnì kẹta dà. Mo ní iṣẹ́ ni kò gbà á láyè. Iṣẹ́ wo? Èyí tí wọ́n padà lé ọ kúrò níbẹ̀?"

Ọlákúnlé ti di etí àwo náà mú, kò sì mọ̀ pé òun dì í mú. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́."

"Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Ta ni kó sọ fún mi? Ṣé ìwọ tó ń sá wọ gáréèjì bí mo bá yọjú?"

"Tiwa ló wà ní ọsibítù, mà." Ohùn rẹ̀ ti ròkè. Ẹṣin kan gbé orí sókè. "Inú ló bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lọ́jọ́ kejì tí Bàbá kú. Kó tó di pé a gbé e débẹ̀, appendix rẹ̀ ti bẹ́. Wọ́n la ọmọ náà nínú. Ṣìkẹ́mi ní òun ò lọ mọ́, èmi ni mo ní kó lọ sin bàbá rẹ̀, pé èmi á dúró ti ọmọ. A ní kẹ́nikẹ́ni má sọ fún yín. Òkú kan ti tó yín lọ́rùn."

Omi ń gba àárín ẹsẹ̀ wọn kọjá.

"Ọmọ ọmọ mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi pamọ́ fún mi?"

"A fi pamọ́ fún yín."

"Mo wá ń bínú sí ọ láti ọjọ́ náà. Mo ń jẹun rẹ, mo ń bínú sí ọ. Ẹ ń wò mí?"

Ó fa àwo náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ọlákúnlé, tí òun náà ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì láti ọjọ́ pípẹ́, fà á padà. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe, mà? Kí n fi ọmọ sílẹ̀?" Màmá tún fà á. Òkúta tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọlákúnlé yí, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú odò gbàmù, Màmá tí kò jọ̀wọ́ àwo sì bá a lọ. Nígbà tí omi fara balẹ̀, Màmá jókòó sínú odò títí dé ìbàdí, ó gba àwo mọ́ àyà. Fìlà rẹ̀ ń bá omi lọ. Irùngbọ̀n Ọlákúnlé ti já kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń fì.

Màmá wo irùngbọ̀n náà. Ẹ̀rín tó ti ń gbé mì láti àárọ̀ já jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí kò fi lè dìde, Ọlákúnlé náà bẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ̀n, torí omi oṣù March ni. Ìgbà náà ni Amatullah tó ní kí wọ́n pa kámẹ́rà. Seth béèrè bóyá kí wọ́n tún un ṣe. Amatullah ní kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ tún ṣe níbẹ̀.

Wọ́n kó wọn lọ síbi ẹ̀rọ tó ń mú ara gbóná, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, wọ́n fún wọn ní tíì. Wọ́n jókòó ti ara wọn lórí àga onírin méjì, kò sì sí ibì kankan tí Ọlákúnlé lè sá lọ.

"Mo rí àpá yẹn," ni Màmá wí. "Lára ikùn ọmọ náà. Mo bi í léèrè. Ó ní ológbò ló ha òun."

"A ò ní ológbò, mà."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ológbò. Mo ń wá a káàkiri ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Ọlákúnlé gbé ife tíì sílẹ̀ kó má baà dà á nù. Nígbà tí ẹ̀rín lọ sílẹ̀ tán, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ láti tọrọ àforíjì. Màmá fi ọwọ́ dá a dúró.

"Jókòó. O ti dọ̀bálẹ̀ tó lónìí, o tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sínú omi." Ó mu tíì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo sọ yẹn kò dáa. Ibi tó dùn mí ló jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo rò pé o ò fẹ́ mi nílé rẹ. Mo wọlé, o jáde. Mo jókòó, o dìde."

"Ọ̀wọ̀ ni, mà."

"Ọ̀wọ̀ yẹn ti pọ̀ jù. Bá mi dín in kù."

Nígbà tí Ṣìkẹ́mi ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ariwo. Ó kọ́kọ́ rò pé àlejò wà nílé. Ìyá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ ló ń jiyàn nínú ilé ìdáná lórí bóyá ó yẹ kí wọ́n fi ata rodo mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ọbẹ̀. Ọlákúnlé ní kí wọ́n fi mẹ́rin. Màmá ní ata Ògbómọ̀ṣọ́ kọ́ lèyí. Inú Ṣìkẹ́mi dùn, ó rọra ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó má baà dá wọn dúró.

"Ìyàwó mi," ni Ọlákúnlé wí láìyí ojú padà, "Màmá ti mọ̀."

"Kí ni wọ́n ti mọ̀?"

Màmá fi ọmọrí dé ìkòkò. "Ṣìkẹ́mi, wá síbí. Pe olológbò yẹn wá pẹ̀lú rẹ."

Ẹjọ́ náà gbà wọ́n tó wákàtí kan. Tiwa ní Daddy ló ní kí òun má sọ. Daddy ní Mummy ló dá a lábàá. Mummy ní ẹ̀rù ló ba òun. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó bẹ Tiwa pé kó gbé aṣọ sókè, ó fi ìka tọ àpá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbàdúrà sí i, ó wá ní kí wọ́n máa bọ̀ wá jẹun kí ọbẹ̀ má tutù.

Ìgbà òtútù lọ, ìgbà ooru dé. Ọlákúnlé rí iṣẹ́ ní Union City, ó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tó ń ka ẹrù ní wẹ́ẹ̀háòsì. Shehu ló fi ọ̀nà hàn án. Lọ́jọ́ kan, àwọn oní fíìmù ránṣẹ́ sí i. Amatullah ti fi ìjà inú odò náà sínú fíìmù, odindi ni ó fi sí i, kò gé e. Wọ́n wá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ, kí wọ́n lè kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀.

Ọlákúnlé gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá ní pálọ̀, ó sì jókòó.

"Kí ni ká sọ, mà?"

"Ṣé gbogbo ayé ló máa wá gbọ́ ẹjọ́ wa?" Màmá ronú. "Kọ ọ́ pé mo ní góòlù mi ni, èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

Ó kọ ọ́. "Ibi tí mo ti pariwo ńkọ́?"

"Sọ pé ìwọ ni o gbẹ́ ihò yẹn, ó sì yẹ kí o mú ìdajì."

"Ìyẹn mọ́gbọ́n dání."

"Kí o wá fi kún un pé mo ní àwọn ìjọba tó ń gbowó lọ́wọ́ wa ká tó wa ilẹ̀, àwọn ni olè gidi."

"Ó ti gùn jù, mà. Ẹnu yín ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀."

"Kí wọ́n mú 'olè' nìkan."

Ọkàn Ọlákúnlé kò balẹ̀. Ó ní ó dà bíi pé irọ́ ni àwọn ń pa. Màmá ní eré ni wọ́n ń ṣe, ọ̀rọ̀ eré ni wọ́n sì béèrè, kí ó fi ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́.

Ohun tí kò wá sí èyíkéyìí lọ́kàn nínú wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí fíìmù náà jáde, Adédìran, olórí àwọn aṣọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ṣètò bí gbogbo èèyàn ṣe máa lọ wò ó lọ́sàn-án Sunday lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n gba odindi ìlà àga kan àti díẹ̀ lára ìkejì. Àwọn tó kù nínú gbọ̀ngàn náà ń jẹ gúgúrú, wọ́n ń ka ohun tó wà nísàlẹ̀ ojú fíìmù: góòlù mi ni, èmi ni mo gbẹ́ ihò yẹn, olè. Ìlà àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbọ́ Yorùbá, nìkan ló gbọ́ pé Tiwa wà ní ọsibítù. Ọlákúnlé rọra ń wọ ìsàlẹ̀ àga rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣubú sínú omi, gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ìlà náà sì rẹ́rìn-ín tiwọn, pẹ̀lú omi lójú àwọn kan.

Ní ibi tí wọ́n páàkì sí, Fúnkẹ́, ìyàwó Adédìran, bá Ọlákúnlé.

"Brother Kúnlé, ẹ dá nìkan dúró ní ọsibítù pẹ̀lú ọmọ, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà níbí?"

"A ò fẹ́ kó dé Ìkìrun, Aunty."

"À bá ti gbé oúnjẹ wá kí a sì pa ẹnu mọ́."

"Ẹ̀yin?" ni Adédìran wí lẹ́yìn rẹ̀, Fúnkẹ́ sì wò ó.

Ọlákúnlé dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì rí i pé ìtìjú tó ń bà á lẹ́rù kò dé. Àwọn kan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Pásítọ̀ wọn gbá Tiwa mọ́ra. Ní ti Màmá, ó ti dúró láàárín àwọn obìnrin, ó ń sọ fún wọn pé fíìmù náà dáa, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ará China yẹn kú, ẹni tó ní sùúrù jù lọ nínú gbogbo wọn. Ṣìkẹ́mi ní bí kò bá kú, ìtàn ò ní parí. Màmá ní kí ni kò ní jẹ́ kó parí, ṣé kò lè kó góòlù rẹ̀ kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀ ni? Ọlákúnlé ní ìyàwó tó fi sílẹ̀ láti ọdún wo, mà. Àwọn obìnrin pín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀rọ̀ ìyàwó náà, àwọn ọkùnrin dá sí i, wọ́n wà lórí rẹ̀ títí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá òun gbé mọ́tò wọn kúrò lọ́nà.